Ọwọ́ Tó Dín Iná Kù

Ní ilé ìdáná ilé-ẹ̀kọ́ Màdáàmù Oríọlá ní ìlú Oǹdó, igi ni wọ́n fi ń dáná, Leah ló sì ni iná náà. Bí igi bá tutù, ohùn rẹ̀ ni ẹ ó gbọ́ tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Bí ìrẹsì bá fẹ́ jóná, kí imú ẹnikẹ́ni tó gbọ́ òórùn rẹ̀, Leah ti fa igi kan sẹ́yìn.

Obìnrin tí ẹ̀rù tètè máa ń bà ni. Ó ń bẹ̀rù mọ́tò tó bá ń sáré. Ó ń bẹ̀rù òjò tó bá ṣú tí kò rọ̀. Ó ń bẹ̀rù kí wọ́n pe orúkọ òun láàárín èrò. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó bẹ̀rù tó èdè òyìnbó nínú gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe pé kò gbọ́ òyìnbó rárá o. Ó ka ìwé mẹ́fà tán ní Ìjàrè, ó fi ẹsẹ̀ kan sẹ́kọ́ńdìrì kí bàbá rẹ̀ tó kú, ó sì bu òyìnbó díẹ̀ jáde níbẹ̀. Òyìnbó náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n fi ta ni lọ́rẹ tí kò sì báni mu: ó ká a sínú àpótí, kì í wọ̀ ọ́ jáde, kí ènìyàn má baà rí ibi tó ti fún un. Bí Màdáàmù bá wọ ilé ìdáná, Leah á ní "Good morning, ma," á sì bọ́ sẹ́yìn ìkòkò tó tóbi jù.

Màdáàmù Fọlákẹ́ Oríọlá fúnra rẹ̀, ọmọ Oǹdó pọ́ńbélé ni, ṣùgbọ́n ó ti gbé London pẹ́ kó tó wá dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Òfin rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ Yorùbá láti ẹnu géètì wọlé, nítorí òyìnbó ni àwọn òbí torí rẹ̀ mú ọmọ wá. Àwọn òṣìṣẹ́ pa òfin náà mọ́ bí agbára wọn ti mọ: bí Màdáàmù bá ti yọ, gbogbo wọn á dákẹ́. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá nígbà náà á rò pé ilé àwọn odi ni.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí Màdáàmù pe wọ́n jọ, tó ní òun ti kọ́ ilé tuntun sí Ijapo Estate ní Àkúrẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ tí ń sùn nínú ọgbà ń kó lọ ní sáà tó ń bọ̀. Gáàsì ni wọn yóò máa fi dáná níbẹ̀, ilé ìdáná ti Oǹdó yóò sì di títì. Ó ní òun yóò mú lára àwọn òṣìṣẹ́ dání, ṣùgbọ́n àwọn tí òun bá lè fi òyìnbó rán níṣẹ́, tí wọ́n á sì jẹ́ ẹ bí òun ṣe rán an, ni òun yóò mú. Ó ní òun yóò dán wọn wò, ṣùgbọ́n kò sí pé wọn yóò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Òun yóò kó wọn lọ sí ilé ìdáná tuntun náà, òun yóò máa sọ̀rọ̀, wọn yóò máa ṣe é.

Leah gbọ́ èyí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ta ni yóò gba obìnrin ọlọ́jọ́ orí báyìí síṣẹ́, ẹni tí kò mọ̀ ju iná igi lọ? Ìrètíolúwa, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń gbé ní Ọ̀dà, ìtòsí Àkúrẹ́ níbẹ̀. Ìrètí ti bímọ. Inú fóònù ni ọmọ náà ti mọ ìyá àgbà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e lé Leah lọ́wọ́ ní ọdún Àjíǹde, ọmọ náà wò ó, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó rí fóònù tí obìnrin yìí ti jáde, ó bá bú sẹ́kún. Leah rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ìgbà tó padà dé Oǹdó ló tó rántí pé ọ̀rọ̀ náà kò pa òun lẹ́rìn-ín. Bí Màdáàmù bá mú un lọ sí Àkúrẹ́, ó lè máa yọjú sí wọn ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi. Bí kò bá mú un, kò sí iṣẹ́, kò sì sí owó ọkọ̀.

Àwọn mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Leah ni àkọ́kọ́. Ọlábísí tí wọ́n jọ ń dáná ni èkejì, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi bí kò bá sùn. Jesse tí ń fọ aṣọ àwọn ọmọ ni ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin ni Bàbá Májẹ́kódùnmí tí ń ṣọ́ géètì, òun ló dàgbà jù láàárín wọn, ó dàgbà ju Màdáàmù gan-an lọ. Tíṣà kékeré kan tí ń jẹ́ Ọpẹ́olúwa ṣàánú wọn, ó ní kí wọ́n máa dúró de òun ní yàrá ìjẹun bí àwọn ọmọ bá ti jẹun tán, òun yóò kọ́ wọn.

Ọpẹ́olúwa ló jẹ́ kí wọ́n mọ irú òyìnbó tí Màdáàmù ń sọ. Ó ní Màdáàmù kì í fi ọ̀rọ̀ gígùn dẹ́rù ba ènìyàn. Ọ̀rọ̀ kúkúrú méjì ló máa ń so pọ̀. Put out, put off, put away. Turn up, turn down. Look for, look after. Ó ní phrasal verb ni wọ́n ń pè é, pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí wọ́n máa wò, nítorí ọ̀rọ̀ kékeré tó kẹ́yìn yẹn lè yí gbogbo rẹ̀ padà.

Bàbá Májẹ́kódùnmí gbọ́ èyí, ó wúkọ́. Bàbá ti bá òyìnbó kan ṣiṣẹ́ rí ní sọ́míìlì nígbà èwe rẹ̀, ó sì ti kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wọn. Ó ní kí ọmọ náà má fi ọ̀rọ̀ kékeré da àwọn láàmú. Ọ̀rọ̀ ńlá ni ọdẹ, ọ̀rọ̀ kékeré ni ajá tó ń tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ti rí ọdẹ, kí ló tún ń wá ajá kiri sí? Turn ni turn. Put ni put. Ó parí.

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ọpẹ́olúwa, omijé sì fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá yìí ló dúró fún un lọ́jọ́ tí wọ́n sàmì fún un ní ọmọ ọwọ́. Ta ni yóò wá là á mọ́ ọn lójú pé ohun tó sọ kò rí bẹ́ẹ̀? Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ jẹ́ kí n kàn fi èyí kún un." Ohun tó wá fi kún un, òdìkejì ọ̀rọ̀ Bàbá ni látòkèdélẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó kò gbọ́ àfikún. Ọ̀rọ̀ Bàbá ni wọ́n gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni kíláàsì náà ṣe ń lọ. Bí tíṣà bá bi wọ́n ní ìbéèrè, Bàbá ni yóò kọ́kọ́ dáhùn, nítorí pé kò sí bí ọmọ yóò ṣe ya ẹnu ṣáájú àgbà. Bí Bàbá bá ti dáhùn, Jesse á ní bí Bàbá ti wí. Ọlábísí á ní bí Bàbá ti wí. Leah náà á ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ìyẹn tilẹ̀ tẹ́ Leah lọ́rùn ní tirẹ̀, nítorí ẹni tó bá ń gba ọ̀rọ̀ Bàbá lẹ́yìn kò ní ìdí tí ohùn rẹ̀ yóò fi jáde.

Nídìí iná ni ojú rẹ̀ ti là, kì í ṣe nínú kíláàsì. Ó ń ro ògì lọ́jọ́ kan, ó pe Ọlábísí pé kí ó gbé abọ́ wá, kí ó gbé ìyẹn kúrò, kí ó gbé èyí sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí orógùn. Gbé wá, gbé kúrò, gbé sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn mìíràn. Wọ́n dá a dúró. Wọ́n dá a sílẹ̀. Wọ́n dá a lóhùn. Wọ́n dá a lóró. Wọ́n dá a láre, wọ́n dá a lẹ́bi. Bí ọmọ òyìnbó kan bá wá kọ́ Yorùbá ní Oǹdó, tí ẹnì kan sì sọ fún un pé kó mú "dá" dání, kó fi ìyókù sílẹ̀ fún ajá, ọjọ́ tí wọ́n bá dá a lẹ́bi ní kóòtù, yóò máa jó relé ni.

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ọlábísí yẹ̀ ẹ́ wò láti ẹ̀gbẹ́ kejì ìkòkò.

"Ìyá Ìrètí, èéfín ti wọ orí yín."

Leah kò sọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Bí ó bá sọ ọ́, yóò dé etí Bàbá kí ògì tó jiná. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti ń fi ọwọ́ kọ́ òyìnbó. Bí ó bá ń kó abọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, á máa wí lábẹ́ ahọ́n pé put away. Bí ó bá bu omi pa ẹyín iná, put out. Bí ó bá fa igi kan sẹ́yìn kí iná lè rọlẹ̀ díẹ̀, turn down. Kò lè sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ kékeré náà fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kàn mọ̀ ọ́n ni. Ọlábísí ń gbọ́ ìkùnsínú rẹ̀, ó ní, "Ẹ máa bá iná sọ òyìnbó lọ. Kó má ṣáà dá yín lóhùn."

Ọjọ́ ìdánwò pé. Bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ ló gbé wọn lọ. Ní ọ̀nà, Bàbá Májẹ́kódùnmí tún ẹ̀kọ́ náà kà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹ mú ọdẹ, ẹ fi ajá sílẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má jáyà, ohun tí wọ́n bá ti rí i pé òun ṣe ni kí wọ́n ṣe. Jesse ní àmín. Leah ń wo ojú fèrèsé, ó ń wí put out, put away lábẹ́ ahọ́n.

Ilé ìdáná tuntun náà funfun tó bẹ́ẹ̀ tí Ọlábísí fi bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó ní kó má bọ́ ọ. Ìkòkò ẹ̀wà kan ń hó lórí sítóòfù, iná búlúù ń jó lábẹ́ rẹ̀ láìní èéfín, láìní igi, bí iná inú àlá. Sìlíńdà gáàsì kan dúró sí igun, ó ga dé àyà Jesse, rọ́bà kan ti ara rẹ̀ lọ sídìí sítóòfù. Leah ti gbọ́ ìtàn gáàsì. Ó fi ara ti ògiri tó jìnnà sí i jù. Màdáàmù dúró níwájú wọn, ó káwọ́ sáyà. Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín.

Ó fi èyí tó rọrùn bẹ̀rẹ̀. Ó ju ṣíbí kan sílẹ̀, ó ní, "Pick it up." Ọ̀rọ̀ yìí yé gbogbo wọn. Bàbá gbé ẹsẹ̀, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa wòran kí àgbàlagbà máa bẹ̀rẹ̀ mú ṣíbí? Jesse sáré mú un, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Bàbá, Bàbá sì gbé e fún Màdáàmù. Màdáàmù wo ṣíbí náà, ó wo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ̀wà bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Ìfófò rẹ̀ ti ń ti ọmọrí ìkòkò sókè. Màdáàmù wo ibẹ̀, ó ní, "Turn down the gas, please."

Wọ́n wo Bàbá.

Bàbá Májẹ́kódùnmí rò ó díẹ̀. Turn: yí. Gas: òun nìyẹn tó dúró ní igun. Down: ilẹ̀, ajá lásán, ṣùgbọ́n níwọ̀n bí ajá ti tẹ̀ lé ọdẹ wá, kò burú kí ènìyàn fún un ní egungun. Ó ká apá aṣọ rẹ̀. Ó rìn lọ sí igun náà, ó di sìlíńdà mú lọ́rùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dorí rẹ̀ kodò.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n bí ire, ṣé ó lè ká ọwọ́ gbera kí àgbà máa gbé ẹrù? "Ẹ fi sílẹ̀, sà, ẹ jẹ́ kí a bá yín gbé e," Jesse ti débẹ̀. Ọlábísí ti fi ìró di ìdí, ó ti mú ìsàlẹ̀ sìlíńdà. Kí Leah tó mọ ohun tó ń ṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò lára ògiri, apá rẹ̀ ọ̀tún ti wà lábẹ́ ikùn sìlíńdà náà, ẹnu rẹ̀ sì ń wí pé ẹ pẹ̀lẹ́, sà, ẹ rọra. Òun tí ń bẹ̀rù gáàsì. Ara rẹ̀ kò bi í léèrè. Ara rẹ̀ rí àgbà pẹ̀lú ẹrù, ó sì lọ.

Sìlíńdà ń tẹ̀. Rọ́bà ń nà. Ẹ̀wà dà sórí iná, ó ní ṣàá. Leah gbọ́ ohùn náà. Ó ti ń gbọ́ ohùn náà láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé, ohùn iná tó ti pọ̀ jù, etí rẹ̀ kì í ṣì í gbọ́. Ó wo ẹ̀gbẹ́ òsì, ó rí ohun tí wọ́n fi ń yí iná lára sítóòfù, kò jìnnà sí i. Apá ọ̀tún rẹ̀ kò kúrò lábẹ́ ẹrù Bàbá. Apá òsì ló nà jáde, ó yí i. Iná rọlẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí wọ́n fa igi kan sẹ́yìn. Ẹ̀wà dákẹ́.

"Put it down," Màdáàmù wí. Ohùn rẹ̀ kéré gan-an, bí ohùn ẹni tó ń bá ẹni tó di ejò mú sọ̀rọ̀. "Slowly. Put it down." Gbogbo wọn gbọ́ èyí, ó tilẹ̀ yé wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n gbé sìlíńdà padà sílẹ̀. Jesse nu òógùn. Bàbá tún apá aṣọ rẹ̀ ṣe, ó dúró bí ẹni tó ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Màdáàmù ṣí fèrèsé kan, ó ṣí èkejì. Ó wo iná tó ń jó díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìkòkò. Ó wá bi wọ́n lédè òyìnbó pé ta ló dín in kù.

"Na Baba, ma," Jesse wí.

"Baba, ma," Ọlábísí wí.

"Baba, ma," Leah wí.

Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹ kú àárọ̀ ti í jáde. Kò rò ó rárá. Ìgbà tó jáde tán ló tó rí ohun tó ti ṣe. Màdáàmù ti yíjú sí Bàbá, ó ń mi orí, ó ń wí pé well done, Baba, pé irú ẹni tí òun ń wá fún ilé ìdáná yìí gan-an nìyí, ẹni tí òye rẹ̀ yá bẹ́ẹ̀. Leah ń wo ẹnu Màdáàmù. Ó rí Ọ̀dà tó ń sún sẹ́yìn. Ó rí ọmọ náà tí yóò tún padà sínú fóònù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni yóò gbà á, ọ̀rọ̀ náà sì wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n báwo ni ó ṣe fẹ́ sọ lójú Bàbá, lójú Jesse àti Ọlábísí, pé kì í ṣe Bàbá? Ó wo ilẹ̀ funfun náà.

Bàbá Májẹ́kódùnmí gbọ́ ìyìn náà. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún. Ó wo ti òsì. Nígbà tó sọ̀rọ̀, Yorùbá ló sọ, nínú ọgbà Màdáàmù, lójú Màdáàmù.

"Màdáàmù, ọwọ́ mi méjèèjì wà lára sìlíńdà. Èmi kò sì ní ọwọ́ kẹta."

Màdáàmù kò rántí òfin rẹ̀. Ó bi í pé ta wá ni.

"Ẹ bi Leah." Bàbá kò wo ẹ̀yìn. "Leah, dá Màdáàmù lóhùn. Mo yọ̀ǹda fún ọ."

Leah ṣí ẹnu. Ó fa òyìnbó rẹ̀ jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí, ó ká, ó sì ti fún lóòótọ́.

"I turn it down, ma," ó wí. "Fire is too much. Beans want to run away."

Ẹnu Màdáàmù mì díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ó bi í pé bí ó bá ti mọ ohun tí turn down jẹ́, kí ló dé tó tún ń bá wọn gbé sìlíńdà. Leah wá òyìnbó èyí, kò rí i. Kí ni wọ́n ń pè é ní London, pé ènìyàn kì í wo àgbà níran? Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wo ẹ̀yìn Bàbá.

"He is Baba, ma," ó wí níkẹyìn.

Màdáàmù yíjú sí fèrèsé. Ó dúró bẹ́ẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì sí òtútù ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó yíjú padà, ojú rẹ̀ ti gún régé bí ti ọ̀gá. Ó bi Leah ní ìbéèrè méjì sí i. Bí ọmọ kan bá throw up ńkọ́? Leah ní, "I clean up, ma. I look after am." Bí ẹni tó ń bá a dáná kò bá turn up láàárọ̀ ńkọ́? Leah rò ó. Turn up, tí kò jẹ́ ti iná. Kò rí i mú.

"I no know that one, ma," ó wí, ó sì rò pé ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

"All right," Màdáàmù wí. "I'll take you on, Leah." Fóònù rẹ̀ dún. Ó gbé e sétí, ó jáde lọ.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró. Àwọn mẹ́ta yòókù yíjú sí Bàbá, nítorí ibi tí ojú wọn mọ̀ nìyẹn. Ọlábísí ló bi í pé kí ni take on. Bàbá ní take… ó dúró. Ó wo sìlíńdà ní igun.

"Ìyẹn," ó wí, "n kò mọ̀ ọ́n."

Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu rẹ̀. Jesse yẹ ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ṣèèṣì bá àgbà níbi tó ti ń wẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ dá a padà sí àwàdà. Ó ní òun ti gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń ja ẹ̀ṣẹ́ nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní ẹnì kan fẹ́ take on ẹnì kejì. Ó ní kí Ìyá Ìrètí lọ múra, Màdáàmù fẹ́ bá wọn jà. Ọlábísí ní rárá o, take ni kí wọ́n mú un, on ni kí wọ́n gbé e sórí ọkọ̀ padà sí Oǹdó. "Ẹ ti jẹ ẹ̀wà wọn níyà, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Leah kò lè rẹ́rìn-ín. Màdáàmù ti gbà á àbí kò gbà á, ọ̀kan ni, ó sì wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré méjì yẹn, ẹnikẹ́ni níbí kò sì lè ṣí i. Leah lè dúró dé Oǹdó, kó bi Ọpẹ́olúwa. Ó wo ọ̀nà àtijáde. Màdáàmù ti parí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ń ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rán an. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e jáde sínú oòrùn, ẹ̀rù ń bà á ní gbogbo ìṣísẹ̀, kò sì dúró. Ó dé ẹ̀gbẹ́ mọ́tò náà, ó kúnlẹ̀ ààbọ̀.

"Please, ma. Take me on. What is it?"

Màdáàmù wò ó. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó fẹ́ jí ẹran nínú ìkòkò. Kò sí òbí ọmọ kankan nítòsí. Ó tẹ̀ síwájú, ó sì fi èdè Oǹdó sọ ọ́ fún un, èdè Oǹdó tó ki, irú èyí tí àwọn ìyá arúgbó fi ń na ọmọ lẹ́gba ọ̀rọ̀. Ó ní kí ó lọ kó ẹrù rẹ̀ wá, pé òun ti gbà á síṣẹ́, kò sì sí ẹni tí òun tún ń wá fún ilé ìdáná yìí. Ó ní àwọn méjì yòókù lè tún padà wá gbìyànjú fún iṣẹ́ mìíràn bí wọ́n bá ti kọ́ ọ dáadáa. Bàbá ni yóò máa ṣọ́ ọgbà Oǹdó fún òun, kó fi ọkàn balẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní lé e. Ó ti wọ mọ́tò tán kó tó yọ orí jáde. Ó ní kí Leah ṣáà bá òun gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí Bàbá tún sún mọ́ gáàsì títí ayé.

Mọ́tò náà lọ. Leah dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì padà wọlé.

Wọ́n ti tò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò ó. Ó sọ fún wọn. Ó sọ gbogbo rẹ̀ àfi ti àdúrà. Ọlábísí dì mọ́ ọn, ó ń pariwo sí i létí pé bí ó bá dé ọ̀dọ̀ ọmọ Ìrètí, kó fi òyìnbó kí i, bóyá kò ní sunkún. Jesse ń bi í bóyá ó dá a lójú pé wọ́n kò ní ja ẹ̀ṣẹ́.

Bàbá Májẹ́kódùnmí dúró títí ariwo fi rọlẹ̀. Ó gbọn ọwọ́ méjèèjì, ó mi orí jẹ́jẹ́.

"Take on," ó wí. "Mo ti fura."

Leah kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀ funfun náà, orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ dáadáa.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ó wí. "Ẹ ti fura."